Ẹsẹ̀ Kábíyèsí

Tí o bá gba àdúgbò àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú kọjá láàárọ̀, òórùn yíǹkì àti bébà tuntun ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, kí ènìyàn kankan tó kí ọ. Nínú ilé kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, òórùn náà máa ń gba àtẹ̀gùn gòkè wá bá wa nínú yàrá, yóò dà pọ̀ mọ́ òórùn róòbù tí mo fi ń ra orúnkún ọba. Bẹ́ẹ̀ ni, ọba. Ọba aládé tí ìlú rẹ̀ jìnnà sí Èkó, tó wá fara pamọ́ sókè ilé ẹrù bébà ara rẹ̀ nítorí pé itan rẹ̀ kán, tí àwọn ìjòyè kò sì fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ sí i.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa mú ẹsẹ̀ tó ti gbàgbé ìrìn rántí. Àwọn ìyá oníṣòwò ní Bàrígà, tí wọ́n mọ̀ mí láti kékeré, ń pè mí ní dókítà ẹsẹ̀, n kò sì bá wọn jiyàn. Tí mo bá ṣíwọ́ ní ilé ìwòsàn Igbóbì, màá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé Kábíyèsí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ṣe tiwọn, wọ́n ti fi irin so egungun náà pọ̀, ó sì ti jinná dáadáa. Ohun tó kù ni kí Kábíyèsí máa ká orúnkún, kí wọ́n máa nà án, kí wọ́n sì máa tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ènìyàn kò bá ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀, orúnkún á gan, kò sì ní ká mọ́ títí ayé. Ọdún ìlú wọn sì ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, ọba máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ààfin dé ọjà, gbogbo ìlú á tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìrìn yẹn ni wọ́n fi bẹ̀ mí lọ́wẹ̀, ìrìn yẹn ni mo sì fi sọ́kàn.

Kábíyèsí fúnra wọn kì í ṣe ènìyàn líle. Orí ni wọ́n fi ń ru bébà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Ṣómólú, láti ìdí ọkọ̀ akẹ́rù títí dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bébà bí ìyá mi tó ń yan ẹja tà ṣe mọ ẹja. Wọn á fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀, wọn á sì sọ fún ọ bóyá omi ti kàn án rí. Wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré, ìsọ̀ di ilé ẹrù, ilé ẹrù di ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé bébà wá láti òkè òkun, owó àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Akoka sì ń wọlé lẹ́yìn. "Alága" ni gbogbo Ṣómólú ń pè wọ́n. Nígbà tí oyè kan ìdílé wọn tí ìlú wá mú wọn lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pe orúkọ yẹn mọ́.

Ẹni tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà sú mi ni olóyè kan tí ìlú fi tì wọ́n. Mo mọ̀ pé àgbà ni, ó sì yẹ kí n máa fi "wọn" pọ́n ọn lé bí mo ti ń pọ́n Kábíyèsí lé, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Bí mo bá ní, "Kábíyèsí, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè," ọ̀rọ̀ kò ní tíì kúrò lẹ́nu mi tí olóyè á ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Bí mo bá ní kí wọ́n dìde, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ààfin á ti kì wọ́n lábẹ́ apá gbé dìde. Nígbà kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé omi mímu wọn sí orí tábìlì ìdí fèrèsé kí wọ́n lè rìn lọ mú un. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti gbé e wá fún wọn lórí ìkúnlẹ̀. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí aláìsàn máa ń dì mú rìn, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé wá, olóyè fi aṣọ funfun bò ó, ó tì í sábẹ́ ibùsùn, ó ní ohun ìtìjú ni.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹni tó ṣubú gbọ́dọ̀ tún ìrìn kọ́."

"Ta ló ṣubú?" ló bi mí. "Ọba kì í ṣubú, ọmọbìnrin. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ló yọ̀."

Kábíyèsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Bí mo bá dé ilé lálẹ́, ọkọ mi á ní ṣé ọba ti ń rìn, màá ní ọba ń jókòó dáadáa.

Ó wá di ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú. Olóyè ti padà sí ìlú lọ jíṣẹ́ fún àwọn ìjòyè yòókù, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà dání. Nísàlẹ̀, àwọn alárù ń já bébà láti inú ọkọ̀, a sì ń gbọ́ ọ, gbì, gbì, gbì. Kábíyèsí dẹtí.

"Orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń tò ó sí yẹn," ni wọ́n wí. "Wọn ò fi pákó sábẹ́ rẹ̀. Á fa omi!"

Kí n tó ní kí wọ́n rọra, wọ́n ti dìde. Wọ́n di èjìká mi mú, a ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá àwọn alárù jà láti orí àtẹ̀gùn. Nígbà tí a délẹ̀, wọ́n fi èjìká mi sílẹ̀, wọ́n gba àárín ìdì bébà lọ, wọ́n ń fọwọ́ ti ìdì kan, wọ́n ń fọwọ́ ti òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ká orúnkún, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ etí bébà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orúnkún tí mo ti bẹ̀ títí tó ní òun ò ká! Omi bọ́ lójú mi, n kò ní purọ́ fún ọ.

Bàbá kan wà láàárín àwọn alárù náà, tí òun àti Kábíyèsí jọ ru ẹrù láyé ọjọ́un. Ẹnu rẹ̀ yọ̀. "Alága, ẹ káàbọ̀ o! A rò pé ẹ ti gbàgbé bébà ni." Ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Gbàgbé kẹ̀?" ni Kábíyèsí dáhùn. "Ẹ gbé pákó sábẹ́ ẹrù mi, jàre."

Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí olóyè bá ti rìnrìn àjò, ilé ẹrù náà di ibi iṣẹ́ wa. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà rìn, nígbà tó yá, ọ̀pá kan ṣoṣo tó. Wọ́n á máa bá àwọn alárù ṣàwàdà, wọ́n á máa bú wọn, ẹsẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń sọ fún mi bí ọ̀nà ọjà ìlú wọn ṣe rí, ibi tó ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa sinmi. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lójú ọ̀nà ilé.

Olóyè wá dé lọ́jọ́ tí a kò retí rẹ̀. Ó bá ọba tó wọ bùbá lásán, ọ̀pá lọ́wọ́, tó ń bá alárù jiyàn. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó rìn wá síwájú wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, kò sì dìde. Kábíyèsí ní kó dìde, kò dìde. "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀" nìkan ló ń wí, ó ń wí i sínú eruku. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá a wá dọ̀bálẹ̀ tì í. Àwọn alárù wo ara wọn, àwọn náà gbé ẹrù kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Bàbá tó ń pè wọ́n ní Alága ló ṣe é kẹ́yìn, ó rọra tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó ku èmi àti ọba lórí ìdúró.

"Ẹ ń gbàdúrà kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀," ni mo kígbe, "ẹsẹ̀ ọ̀hún gan-an lẹ ò jẹ́ kó tẹlẹ̀!"

Mo yíjú sí Kábíyèsí, mo rò pé wọn á rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tó tẹ́ sílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà, wọ́n na ọ̀pá náà sí mi, wọ́n jókòó sórí ìdì bébà kan. Ìgbà yẹn ni olóyè dìde. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gbé àga wá, wọ́n sì gbé ọba gòkè.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì láti lọ bẹ̀bẹ̀. Kábíyèsí ní kí gbogbo ènìyàn jáde, olóyè pàápàá.

"Dókítà, o ṣeun gan-an," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi ọ̀pá rìn láàárín ìlú, ẹsẹ̀ mi ni wọn á máa wò. Bí mo bá jókòó, adé ni wọn á máa wò."

"Kábíyèsí, orúnkún á gan."

"Kó gan."

Bó bá jẹ́ olóyè nìkan ló dènà, màá ti bá a fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun lè rìn, tó ní òun ò rìn mọ́, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ra róòbù sí ìyẹn. Kábíyèsí kó padà sí ìlú wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo bínú sí olóyè, mo bínú sí ọba, mo tilẹ̀ bínú sí àwọn alárù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nígbà tí ọdún ìlú náà dé, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà, létí ọ̀sà ní Bàrígà, mò ń bá wọn yí ẹja tó wà lórí iná. Wọ́n na fóònù wọn sí mi, wọ́n ní, "Wá wo ọlá, ọmọ mi." Kábíyèsí ni mo rí. Àwọn ọkùnrin fi àga gbé wọn láti ààfin dé ọjà, ẹsẹ̀ kan na tààrà sórí tìmùtìmù, ìlú ń hó. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣàlàyé nínú fídíò náà ní gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn baba ńlá wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹsẹ̀ ọba kì í kan ilẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ìyá mi ní àṣà tó dára ni. Mo yí ẹja mi.

Mo mọ ọjọ́ orí àṣà náà. Kò tíì pé ọdún, inú ilé ẹrù bébà ní Ṣómólú ni wọ́n sì bí i sí, ojú mi ló ṣe. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé bí àwọn baba wa ti ń ṣe é nìyí, mo máa ń fẹ́ mọ ẹsẹ̀ ta ló ń dùn ún lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti Kábíyèsí ti kọjá. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n àwọn ló yàn án. Ẹni tí mò ń rò báyìí ni ọba tó máa jẹ lẹ́yìn wọn. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá. Lọ́jọ́ ọdún, yóò dìde pé òun fẹ́ rìn lọ sí ọjà, àwọn ènìyàn rẹ̀ á sì dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, wọn ò ní dìde títí tó fi máa jókòó.