Kí Wọ́n Tó Yọ Eyín Bàbá Mi

Dókítà eyín sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ Ẹtì pé eyín iwájú rẹ̀ méjì tó ń mì lókè kò ṣe é fi sílẹ̀ mọ́, pé kó padà wá lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n yọ wọ́n. Bàbá mi ní kò burú. Èmi ni ara mi ò gbà á. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni bàbá mi ń fọn nínú ẹgbẹ́ orin ìjọ Aládùúrà wa ládùúgbò Japara láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, eyín iwájú ló sì ń gba fèrè yẹn dúró sí ètè. Bí eyín bá lọ, fèrè lọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sì tíì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí.

Nígbà tó ń bá ọkọ̀ tó ń kó pákó láti sọ́mìlì lọ sí Èkó, ó ra àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta. Ọkùnrin márùn-ún kan láti Amẹ́ríkà ló lu orin inú wọn: tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, sakisofóònù, dùùrù, béèsì àti ìlù jáàsì. Kò sẹ́ni tó ń kọrin. Fèrè méjèèjì á kọ́kọ́ jọ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà olúkúlùkù á gba tirẹ̀, ìlù á sì máa tì wọ́n lẹ́yìn. Bàbá mi ní inú yàrá kan náà ni àwọn márààrún dúró sí ní sítúdíò, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ parí. Bí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo wọn á padà síbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Inú àwọn àwo yẹn náà ló ti kọ́ èmi ọmọbìnrin rẹ̀ ní dùùrù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di èèyàn márùn-ún tó gba Àgọ́-Ìwòyè lọ láàárọ̀ Sátidé láti gba ohùn fèrè rẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò, tí gbogbo wa jẹ́ ọmọ ìjọ kan náà. Ọkùnrin tó ni sítúdíò ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé lu tirẹ̀, pé òun á so wọ́n pọ̀.

Bàbá mi ní, "Rárá o. A jọ wá ni, àjọlù la máa lù ú."

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ń bẹ̀rù kí iná má lọ, mo ń bẹ̀rù kí epo jẹnẹrétọ̀ má tán. Ojú mi ò sì kúrò lára ètè bàbá mi, nítorí ó ti sún fèrè sápá òsì kó má bàa tẹ eyín. Lẹ́ẹ̀kíní, oní-sakisofóònù yára wọlé jù. Lẹ́ẹ̀kejì, iná lọ lóòótọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá dé. Gbogbo wa wọlé bó ṣe yẹ, ó sì kan bàbá mi. Ó fọn ún bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó ti ń dùn ún tipẹ́. Bó ṣe gun òkè pẹ̀lú ohùn náà, ó wọ onílù wa lára. Wòlíì ni onílù wa.

Ó pariwo, "Haleluyah!"

Nínú ìjọ tiwa, bí ẹnì kan bá pe haleluyah, ẹnu kankan kì í dákẹ́, ó sì di ẹ̀ẹ̀méje kó tó tán. Bàbá mi yọ fèrè lẹ́nu, ó dáhùn. Oní-béèsì dáhùn. Èmi tí mo ti ń ṣọ́ iná, epo àti eyín látàárọ̀, mo gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù, mo sì dáhùn tagbáratagbára títí ó fi pé méje. Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tó ni sítúdíò yọ ohun tó fi ń gbọ́ wa kúrò létí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí náà wà nínú orin ni?"

Wòlíì dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ká tún un ṣe. Nígbà tó gbé fèrè sẹ́nu lẹ́ẹ̀kẹrin, atẹ́gùn lásán ló ń jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ti wà létè rẹ̀.

Ó ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ á re ùlé."

Wọ́n yọ eyín náà lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kí ọkùnrin tó ni sítúdíò gé ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn síbi tí haleluyah ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fi í sínú fóònù mi. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó láyà láti tàn án kó gbọ́ ọ, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní pálọ̀ wa ládùúgbò Atikori. Ó di ojú, ìka rẹ̀ mẹ́ta sì ń tẹ orúnkún rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ fèrè. Orin dé ibi tí wọ́n gé e, fóònù dákẹ́. Ìka rẹ̀ ò dúró.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń fọn?"

Ó ní, "Ìyókù rẹ̀ ni."

Mo sún mọ́ ọn, mo ń wo ìka náà títí ó fi parí. Ó dùn mí wọra, nítorí n kò gbọ́ nǹkan kan.