Ọ̀gá Tó Ń Ya Àlá Wa

"Kí lo lá lóru àná?" Bí ọ̀gá tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wa ní Agége ṣe máa ń kí wa láàárọ̀ nìyẹn. Ayé ṣọ́jà ni, ilé iṣẹ́ sì ń lé wa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá á ní, "Ohun tẹ́nu ń bẹ̀rù, ojú oorun á sọ ọ́." Wọ́n á wá ya àlá wa sórí páálí.

Mo lá pé bàtà ṣọ́jà kan, tí kò sẹ́sẹ̀ nínú ẹ̀, ń mu omi ìkòkò ìyá mi. Ọ̀gá yà á, wọ́n kọ "Àlá òṣìṣẹ́ kan" sábẹ́ ẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ síta.

Ṣọ́jà méjì dé. "Òṣìṣẹ́ wo ló lá a?"

Mo wà níbẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́.

Ọ̀gá ní, "Èmi ni, sà. Ẹ̀bà tí mo jẹ sùn ló fà á."

Àwọn ṣọ́jà gbé wọn lọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó tú ọ̀gá sílẹ̀, ojú wọn wú. Mi ò lè wò wọ́n. Wọ́n ní, "Àbúrò, kí lo lá?"

"Mo lá pé mo sọ pé èmi ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Irọ́ lò ń pa, o ò lá a. Àmọ́ jókòó, jẹ́ n yà á."

Páálí náà ṣì wà lára ògiri mi. Nínú àwòrán ẹ̀, èmi ni mo dúró níwájú ṣọ́jà, tí mo la ẹnu.