Ọ̀bọ̀nbọ̀n Méjì Lórí Ọ̀pẹ Kan

Ọ̀bọ̀nbọ̀n ńlá méjì ló wà lóko wa lẹ́yìn Orun-Èkìtì. Ọ̀kan funfun, ó ní ilà dúdú lẹ́yìn, ó sì tó ìkúùkù ọmọdé. Bó bá ń fò, ariwo ọ̀kadà tó ń gun òkè ló ń pa. Ìkejì dúdú, ó ń dán, ìwo sì wà níwájú orí rẹ̀. Ní kékeré, a máa ń so òwú mọ́ ẹsẹ̀ oníwo yìí, a ó sì jẹ́ kó máa fò kiri. Ọ̀rẹ́ mi ni. Funfun yẹn ni mo ń bẹ̀rù. Ẹ má bi mí pé kí ló fi ṣe mí, kò fi nǹkan kan ṣe mí rí.

Nígbà tí màrìwò àwọn ọ̀pẹ kékeré tí mo gbìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní gígé, bí ẹni fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ, mo sọ fún ìyàwó mi pé funfun yẹn ni.

"Ẹ rí i tó ń jẹ ẹ́ ni?"

"Ojú rẹ̀ fi hàn."

"Bàbá wọn, tó bá jẹ́ ojú ni wọ́n fi ń mọ olè, wọn ì bá ti mú yín lọ́jọ́ tí ẹ wá tọrọ mi."

Ó na wáyà kẹ̀kẹ́ tí a tẹ lẹ́nu bí ìwọ̀ ẹja sí mi, ó nàka sí ihò kan lórí ọ̀pẹ. Èérún tútù ń yọ níbẹ̀. "Olè náà wà nínú, ó ń jẹun lọ́wọ́. Bó bá jẹ ọkàn rẹ̀ tán, ọ̀pẹ kú nìyẹn. Ẹ fà á jáde."

Mo ki wáyà bọ ihò náà, ó kọ́ nǹkan. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ariwo ọ̀kadà, nǹkan wúwo sì bà lé mi léjìká. Bí mo bá fi wáyà sílẹ̀, èyí tó wà nínú á wọlé sí i.

"Ìyá wọn, ó wà lára mi."

"Mo rí i. Ẹ máa fà."

"Ṣé ọrùn mi ló ń bọ̀?"

"Iṣẹ́ yín ló ń wò. Ẹ máa fà."

Mo dijú, mo fà. Nígbà tí mo lajú, ohun tó wà lẹ́nu wáyà ní ìwo. Ó dùn mí díẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ ẹni bá jani lólè.

Ìyàwó mi fi ọwọ́ lásán mú funfun kúrò léjìká mi, ó gbé e sára igi kan tí omi ń sun lára rẹ̀. "Omi yìí ni èyí ń mu. Kò mọ ọ̀pẹ yín rí."

Ọ̀pẹ náà ti yọ màrìwò tó pé. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti sọ fún gbogbo ulé pé mo ké pe ìyá mi lóko. Irọ́ ni. Òun ni mo pè.