Òjò Inú Fóònù

Mo pa ẹ̀rọ ìlagi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìgbògbò, kò dákẹ́. Mo tún bọ́tìnnì tẹ̀. Mo wo bẹ́líìtì rẹ̀, kò yí mọ́. Síbẹ̀ ariwo náà ń ké yíìì bíi kòkòrò inú igbó. Mo fi ọwọ́ dí etí méjèèjì, ó wá tún pọ̀ sí i. Inú orí mi ló wà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ni, kí ni mo fẹ́ pè é? Nílé ìlagi wa, ẹni tí kò bá gbọ́ràn dáadáa, adití la ń pè é, a ó sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀. Èmi náà ti rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Torí náà, bí àwọn ọmọṣẹ́ bá bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn ń mi orí ni. Oorun náà kọ̀ mí, torí bí ilé bá ti dákẹ́ ni ariwo yẹn ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ kan, mo tòògbé lẹ́nu ẹ̀rọ, díẹ̀ ló kù kí ayùn gé ìka mi. Ọjọ́ yẹn ni mo forí lé ilé ìwòsàn.

Mo jókòó sáàárín àwọn arúgbó, mo fa fìlà bojú. Nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi, n kò gbọ́, àfìgbà tí obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. Bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá kó wọ inú rẹ̀. Dókítà yẹ etí mi wò, ó ní kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ní àwọn nǹkan tín-ín-tín-ín bí irun ló ń gbé ohùn láti inú etí lọ sí ọpọlọ. Ariwo ẹ̀rọ ti ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́, ọpọlọ sì ń fi ariwo tirẹ̀ dí àyè wọn. Kò sí oògùn tó lè pa á. Kí n máa fi nǹkan dí etí nídìí ẹ̀rọ, bí mo bá sì fẹ́ sùn, kí n máa gbọ́ ohùn òjò tàbí ti omi tó ń ṣàn, kí ọpọlọ lè yéé kíyè sí ariwo náà.

Ẹ̀yin tí irú èyí bá ń ṣe, ẹ má rò pé gbogbo òjò ni òjò o. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí lórí fóònù ń dún bí ẹni ń dín àkàrà. Òmíràn dára, àmọ́ bí oorun bá ti fẹ́ gbé mi ni ìpolówó ọjà á bú jáde. Òmíràn tún wà, ààrá kan ṣoṣo ló ń sán lójú kan náà ṣáá, mo wá ń lajú dè é. Mo wá a títí mo fi rí ojúlówó, òjò orí páànù, tí èèyàn ń gbọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo tilẹ̀kùn yàrá, mo so fóònù mọ́ sípíkà, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè kí etí mi lè gbà á. Mo sùn fọnfọn.

"Òjò o! Ẹ bá mi kó láfún!"

Ohùn ìyá mi ló jí mi. Nígbà tí n ó fi jáde, ó ti fi orúnkún tó ń dùn ún sáré dé ìdí láfún tó sá, àwọn ìyàwó ilé sì ń bá a kó o wọlé. Oòrùn ń mú ganrínganrín. Gbogbo wọn dúró, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn mi, nínú yàrá, òjò ṣì ń rọ̀.

"Mùkáílà, kí ló ń rọ̀ nínú yàrá ẹ?" Ìyá mi di orúnkún mú.

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo wo orúnkún yẹn, irọ́ náà kọ̀, kò jáde.

"Màámi, etí mi ti bàjẹ́. N kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́. Òjò ni mo fi ń sùn."

N kò lè gbójú sókè. Ìyàwó àbúrò mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin Bọ̀dá yìí! Ẹ̀ bá sọ, ká gbé garawa síta." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi ìyá mi.

"O wá ń dá a gbé kiri látọjọ́ yìí," ló wí. "Ṣé mo ti kú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀rín lọ.

Kí n tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, òjò gidi ṣú. Mo gbé fóònù sẹ́nu ọ̀nà láti gbà á sílẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi ké: "Mùkáílà! Èyí kì í ṣe ti fóònù o, wá kó láfún!" Ohùn rẹ̀ wà nínú òjò náà báyìí, n kò sì gé e kúrò.

Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti mọ̀, èjìká ni wọ́n ń fọwọ́ kàn kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀. Ariwo náà ò lọ, ṣùgbọ́n mo ń sùn. Ojú ṣì máa ń tì mí bí mo bá tan òjò Ẹ̀pẹ́ yẹn, tí ìyá mi pe orúkọ mi. Ìwọ̀nba etí tó kù fún mi yìí, ó ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Alihamdulilahi.