Ọ̀bẹ Tó Ṣẹ́ Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ń bá ìyá mi sùn lórí ẹní kan náà, omi ilá ni bàbá mi fi ń yẹ ọ̀bẹ wò. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dàgbà sí Johannesburg níbí, mo mọ̀ pé inú fóònù lẹ ti ń wo ọ̀bẹ tó dára. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin mú mi dání lọ sí ilé ìtajà kan ní Fourways. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì fẹ́ lọ pàgọ́ lórí òkè, ó sì ń wá ọ̀bẹ tí yóò mú lọ. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, mo fi èékánná ta á, mo gbé e sétí. Ọmọ ní, "Eish, Màmá! Gbogbo èèyàn ló ń wò wá o!" Nígbà tí a dé inú ọkọ̀, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi.

Ọdẹ ni bàbá mi, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kò fẹ́ràn ọ̀bẹ tí a ń ká, ó ní ó lè ká mọ́ni lọ́wọ́ níbi tí kò sí olùrànlọ́wọ́. Tirẹ̀, irin kan ṣoṣo ni láti ṣóńṣó títí wọ ìsàlẹ̀ èèkù. Bí wọ́n bá gbé tuntun fún un, á fi ojú kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó tọ́, á ta á léèékánná, á gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á bu omi ilá nínú ìkòkò ìyá mi, á fi pa àtẹ́lẹwọ́, á wá fi ọwọ́ tó ń yọ̀ yẹn gé igi. Ó ní ọwọ́ ẹni tó ń kun ẹran kì í gbẹ. Ìyá mi á máa kùn pé, "Ṣé ọ̀bẹ ló fẹ́ jẹ ọbẹ̀ yìí ni?"

Alágbẹ̀dẹ kan ló ń rọ ọ̀bẹ fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Gbogbo ọdẹ ìlú ló ń ra ọjà rẹ̀. Ní ọdún kan, nígbà tí àwọn ọdẹ ń múra àtilọ dẹ̀gbẹ́, ìdẹ ọlọ́jọ́ púpọ̀ nínú igbó, ó gbé ọ̀bẹ tuntun wá fún bàbá mi, ó ń dán gbinrin. Bàbá mi ta á, ó tún ta á, ohùn rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ tán, ó fi gé ọparun gbígbẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀bẹ ṣẹ́ sí méjì bí ìrèké.

Bàbá mi jókòó ti àjákù náà. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Ọ̀bẹ báyìí wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ yòókù. Bí mo bá pariwo, mo ba iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ẹranko lè pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fà mí lọ́wọ́, a lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ lọ pọn omi, ó wá kó àjákù ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

Inú bí alágbẹ̀dẹ. "Ta ló ní kí o fi ọ̀bẹ mi gé ọparun?" Ó na ọwọ́ láti mú àjákù náà, ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún nà án, ó ń fọwọ́ wá a kiri ilẹ̀. Èmi gan-an ni mo fi irin náà lé e lọ́wọ́.

Bàbá mi rọra bi í pé, "Ìgbà wo ni ojú rẹ ti ń ṣe báyìí?"

Ó gbé irin náà sílẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mò ń rí èèyàn. Àwọ̀ iná ni mi ò rí dáadáa mọ́, mi ò mọ ìgbà tí irin ti jóná jù." Omijé wá ń dà lójú rẹ̀. N kò tíì rí àgbà ọkùnrin tó sunkún rí, mo bá sá pamọ́ sí ẹ̀yìn bàbá mi.

Bàbá mi ní, "Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kí ló dé tí o kò ránṣẹ́ pè mí?"

Ọjọ́ náà ló yí gbogbo ilé ọdẹ ká, ó gba àwọn ọ̀bẹ náà padà. Ó purọ́ fún wọn pé irin tí òun gbé wá fún alágbẹ̀dẹ ni kò dára. Wọ́n bú u, ó sì gbà. Kò bá wọn lọ dẹ̀gbẹ́ lọ́dún náà, kò lè fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan nídìí iná. Láràárọ̀ ló ń jókòó ti iná, á máa pe àwọ̀ irin fún ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Kò tíì tó. Kò tíì tó. Ó ti pupa bí ẹyìn tó pọ́n. Gbé e!" Báyìí ni wọ́n ṣe rọ gbogbo ọ̀bẹ náà tuntun kí àwọn ọdẹ tó gbéra. Nígbà tí àwọn ọdẹ délé, kò sí ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ já a kulẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, irin òde òní le ju tiwa lọ, èyí tí ọmọ ọmọ mi rà ní Fourways dún dáadáa létí mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ́ lọ́la, a ó jù ú nù, a ó ra òmíràn, kò ní sí ilé ẹni tí a ó tọ̀ lọ láti béèrè ohun tó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé ayé wa pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbé ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Midrand, ọdún kẹsàn-án wa rèé, ọkọ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀. N kò mọ ojú rẹ̀.