Gìgísẹ̀ Tí Òrìṣà Kò Fọ̀

Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa ní Ìkẹ́nnẹ́, orúkọ akọni ilẹ̀ Gíríìkì kan ni mo fún un. Mo ti ka ìtàn wọn ní yunifásítì, mo sì ti pinnu pé ọmọ tèmi kò ní jẹ́ orúkọ tí èèyàn yóò pè lójú pópó Ṣàgámù tí ọmọ mẹ́ta yóò dáhùn. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi nígbà náà, kò lè wá síbi ìkómọ, nítorí náà kò sí ẹni tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

Ọmọ kejì dé, obìnrin. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu bí ife àti ọmọrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi ti Ìlárá wá láti máa wẹ ọmọ, òun náà ni yóò sì sọ orúkọ fún àgbà ẹbí láàárọ̀ ìkómọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ìkómọ ku ọ̀la, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ lé e. Mo sọ orúkọ tí mo ti mú fún un.

"Ta ló ń jẹ́ orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀?"

"Obìnrin kan tó ń hun aṣọ ni, Ìyá mi. Ọkọ rẹ̀ lọ sójú ogun, ó fi ogún ọdún dúró dè é."

Ó bu omi sí ọmọ láyà. "Ọmọ tí kò tíì hu eyín, o ti bá a wá ọkọ tó máa sá lọ sí òkè òkun."

Ìyàwó mi gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Ó máa ń hun aṣọ náà lọ́sàn-án, á tú u lóru, kí ọkùnrin mìíràn má baà fẹ́ ẹ."

"Á tú u? Ta wá ló ni òwú?"

Mo fi ìyẹn sílẹ̀, mo mú orúkọ arẹwà obìnrin kan jáde tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

"Kí ló ṣe?"

"Ó fi ilé ọkọ sílẹ̀, ó bá àlejò lọ."

Ìyá mi di ọmọ mú ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dorí rẹ̀ kodò, ó rọra gbọ̀n ọ́n bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe, ó wá wojú mi. "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́?"

Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Mo ní akọni ni, idà kì í ràn án, torí pé ìyá rẹ̀ rì í bọ odò abàmì kan nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Gìgísẹ̀ ló fi dì í mú, omi kò dé ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọfà bá a, ó sì kú ní ọ̀dọ́.

Kànrìnkàn dúró lọ́wọ́ ìyá mi.

"Kò pa ọwọ́ dà?"

"Rárá, mà."

"Kò ní ìyá ọkọ ni?"

"Òrìṣà ni ìyá náà, Ìyá mi."

"Òrìṣà, kò sì mọ ọmọ wẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn tú gbogbo ìwé orí pẹpẹ mi, mò ń wá ẹnì kan tó darúgbó tó sì kú sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. N kò tètè rí. Èyí tí ìyàwó kò pa, ọmọ ló pa á.

"Orúkọ ìyá mi ni yóò jẹ́," ni ìyá mi wí. "Ó rí ọmọ ọmọ rẹ̀, ó jẹun alẹ́ tán, ó sùn, kò jí mọ́."

Orúkọ yẹn ni wọ́n pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ìyá mi tó padà sí Ìlárá, ó gbé àkọ́bí mi sínú báàfù, ó fi ọṣẹ dúdú bo gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí ọmọ fi ké. Ó ní iṣẹ́ tí ẹnì kan pa tì lòun ń parí.

Èmi ni mo ń wẹ àkọ́bí mi báyìí. N kò gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́ o, mo kàwé. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀.