Òrùlé Ti Yèsí?

Bí ẹ bá dé abúlé wa, lẹ́yìn Odò-Orò, tí ẹ sì béèrè Modúpẹ́ Ògúnwùmí, ẹni tí ẹ bi lè má tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Ìyá Ti-Yèsí, ọmọ ọdún mẹ́ta á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. “Ti yèsí?” ni àwa ará Èkìtì fi ń béèrè pé ti ta ni nǹkan, kò sì sí ohun tí obìnrin yìí rí rí tí kò béèrè ẹni tó ni ín. Ewúrẹ́ kọjá: ti yèsí? Ọkọ̀ dúró lójú títì: ti yèsí? Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láti wá ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìlera, kò tíì kí mi káàbọ̀ tán tó fi nawọ́ sí bàtà mi. Bàtà ẹ̀gbọ́n mi ni mo yá wọ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ojú tì mí.

Èmi ni Adéọlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ni mo lọ. Èmi nìkan ni mò ń gbowó oṣù níbẹ̀, nítorí náà èmi ni ọ̀gá, èmi náà ni ọmọọṣẹ́. Modúpẹ́ ni alága ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ará ìlú tí ìjọba ní kí wọ́n máa bá wa mójú tó ibùdó ìlera. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Iṣu ló ń gbìn, ó sì máa ń ti oko bọ̀ tààrà, tòun ti àdá lọ́wọ́, láti wá da ìbéèrè bò mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa ń sá fún un.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ọ̀gá kan wá láti Adó, láti àjọ tó ń bójú tó ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀, ó wá bá gbogbo ìlú ṣèpàdé. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní kí n máa túmọ̀. Ó ṣàlàyé pé ọ̀gá ti pọ̀ jù lórí wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń san owó oṣù yàtọ̀, ẹni tó ń pàṣẹ yàtọ̀, ẹni tó ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára wá tún yàtọ̀. Ní báyìí, àjọ kan ṣoṣo ni yóò máa darí gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní orúkọ tí wọ́n ń pe ètò náà, èmi náà sì túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo gbóhùn sókè, mo ní, “Gbogbo ibùdó ìlera ìpínlẹ̀ yìí ti bọ́ sábẹ́ òrùlé kan!”

Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ògiri. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń jó. Mo rò pé ọgbọ́n ògbufọ̀ mi ni wọ́n ń yìn, mo tún tẹríba fún wọn. Mo gbàgbé pé yàrá ìgbẹ̀bí wa ti ń jò fún ọdún méjì.

Ọmọ́tọ́lá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Modúpẹ́ bí, wà nínú oyún oṣù mẹ́fà nígbà náà. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́, orí ọ̀kadà ni ìrọbí ti ká a mọ́ lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé, ọmọ náà kò sì yè. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ti búra pé ibi tí ọmọ òun lè fẹsẹ̀ rìn dé ni wọn yóò ti gbẹ̀bí èyí tó bá tún wá. Ibùdó ìlera wa nìkan ló wà níbi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn mo lọ sílé. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Ajé tí mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí, ojú ọ̀run ni mo rí. Wọ́n ti já gbogbo páànù tó ti dógùn-ún lórí rẹ̀, ó ya bí wọ́n ṣe ń já a, wọ́n kó o jọ sẹ́yìnkùlé. Modúpẹ́ dúró láàárín yàrá, ó ń fi ọwọ́ wọn fífẹ̀ ògiri, inú rẹ̀ sì ń dùn.

“Mọ̀ọ́mì, ta ló ní kí ẹ ṣí òrùlé?”

“Ùwọ kọ́? Ùwọ lo dúró lójú gbogbo ulú, o ní orí ulé kan ń bọ̀. A ní kí àwọn tó ń gbé e bọ̀ má fi uṣẹ́ falẹ̀.”

Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣàlàyé fún un pé òrùlé gírámà ni mo sọ, kì í ṣe òrùlé páànù. Pé ohun tí ọ̀gá ń wí ni pé ọ̀gá kan ṣoṣo la ní báyìí. Mo rò pé á jágbe mọ́ mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó wo òkè, ó sì wò ó pẹ́.

“Ó dáa. Orí ulé páànù nàá, ti yèsí?”

Ọdún kẹta rèé tí mò ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé yẹn, n kò mọ ẹni tó ni ín.

Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, a gbọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba láti wá ẹni tó ni òrùlé. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́, ti ìjọba ìbílẹ̀, ní àwọn ló ni ilẹ̀ àti ilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Ọ́fíìsì kejì, ti àjọ ìlera ìpínlẹ̀, ní àwọn ló ń san owó oṣù mi, àwọn ló sì ń wo bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, àmọ́ páànù kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ọ́fíìsì kẹta, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdójútòfò ìlera, ní aláìsàn àti aláboyún tó forúkọ sílẹ̀ ni àwọn ń sanwó fún. Akọ̀wé kan níbẹ̀ bi wá bóyá òrùlé wa ti forúkọ sílẹ̀. Modúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Inú ń bí èmi ní tèmi, nítorí oòrùn mú, ebi sì ń pa mí.

Kí a tó wọkọ̀ padà, ó ra ṣọ́ọ̀kì. Ní ọjọ́ kejì, ó ń ti inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fọwọ́ kan nǹkan, ó ń bi mí ní ti yèsí, ó sì ń sàmì sí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti Àbújá wá, ó kọ A sára àpótí rẹ̀. Àwọn kan láti òkè òkun ló fún wa ní fíríìjì, ó kọ O fún òyìnbó. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ra bẹ́ẹ̀dì àti àga, ó kọ I. Nígbà tó kàn mí, ó fẹ́ kọ E sí èjìká yúnífọ́ọ̀mù mi, ó ní Èkìtì ló ń sanwó mi, Èkìtì ló ni mí. Mo sá jáde. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ohun gbogbo ló ní àmì, àfi igi àjà yàrá ìgbẹ̀bí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ayọ̀wálé dé. Ọmọ Ayédé ni, ẹ̀ka ìṣúná àjọ náà ló ń bá ṣiṣẹ́, ó ń bẹ àwọn ibùdó ìlera wò. Ó rí àwọn ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí a ka ìtumọ̀ wọn fún òun, ó sì gbádùn rẹ̀ gan-an.

“Mọ̀ọ́mì, owó kan wà tí ẹ kò sàmì sí,” ló wí. “Ìjọba àpapọ̀ máa ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó tó wọlé fún un. Yóò gba ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ kọjá. Apá kan ń lọ sí ìdójútòfò, apá kan sì ń bọ́ tààrà sínú àkáǹtì ibùdó yìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Oògùn, ìmọ́tótó, àtúnṣe ilé, ẹ lè fi ṣe é, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa. Nọ́ọ̀sì, fáìlì yín dà?”

Mo mọ ohun tó wà nínú fáìlì náà. Ẹni tó ṣíwájú mi ló kọ ètò iṣẹ́ yẹn nígbà tí ilé ṣì wà lọ́tun. Láti ìgbà tí mo dé, dídà ni mò ń dà á kọ. Ọdún nìkan ni mo máa ń yí padà. Ayọ̀wálé ṣí i, ó kà á sókè: “Àtúnṣe ilé: kò sí.” Ó ṣí ti ọdún tó ṣáájú. Kò sí. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ìbuwọ́lùwé méjì ló wà, tèmi àti ti alága ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù.

Modúpẹ́ tẹjú mọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó fi ìka tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Adéọlá,” ló wí nígbẹ̀yìn. Kò pè mí lórúkọ rí. “Ùjọba tí a lọ ń wá kiri ọ́fíìsì, àbí àwa nàá ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹkún sì gbọ̀n mí. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó mú àdá rẹ̀, ó lọ sóko.

Ayọ̀wálé ní a ti pẹ́ jù fún oṣù mẹ́ta tó ń lọ lọ́wọ́, pé inú oṣù keje la tó lè fi ètò tuntun ránṣẹ́. Ikùn Ọmọ́tọ́lá kò mọ oṣù keje. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ni ìrọbí mú un, òjò sì ń rọ̀. Tapólì tí a ta bo yàrá ìgbẹ̀bí ti gba omi kún, ó tẹ̀ wálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré kó tábìlì àti fáìlì mi síta láti inú yàrá tí mo ti ń kọ̀wé, a gbé bẹ́ẹ̀dì wọ ibẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Modúpẹ́ di ọmọ rẹ̀ mú léjìká. Kí aago mẹ́rin tó lù, ọmọbìnrin kan ké. Fáìlì mi wà lábẹ́ òjò, ó rin gbingbin, kò sì dùn mí.

Nínú oṣù keje, Modúpẹ́ jókòó níwájú mi, ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní kí n ka ètò tuntun náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo kà á. Nígbà tí mo dé orí òrùlé, ó dá mi dúró.

“Èwo nínú rẹ̀?”

“Ti páànù.”

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Nítorí náà ló ṣe wà nínú ìwé ìjọba títí dòní: òrùlé páànù. Wọ́n kàn án nínú oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí, Modúpẹ́ gun àga, ó kọ M sára igi àjà, ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Mo gun òkè, mo kọ A sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá tó wá ṣèpàdé lọ́jọ́sí tún padà wá. Ayọ̀wálé ti sọ ìtumọ̀ ṣọ́ọ̀kì wa fún un, ó sì ń kà á káàkiri tìdùnnú tìdùnnú. Ó wọ yàrá ìgbẹ̀bí, ó gbójú sókè, ó rí A lẹ́gbẹ̀ẹ́ M.

“Á à, Àbújá ló ṣe òrùlé yín!”

Modúpẹ́ so ọ̀já ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó kọjú sí mi.

“Nọ́ọ̀sì, ọ̀gá ń béèrè. Ti yèsí?”

“Èmi ni A yẹn, sà,” ni mo wí. “Tèmi àti ti Mọ̀ọ́mì ni.”